Ẹ Wá Òpó Kí Ẹ Tó Gbé Kọ́bọ́ọ̀dù Kọ́ Ògiri

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a dàgbà ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Èkó ni ó mọ ògiri sí ohun tí kì í yẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni bíríkìlà fi mọ ọ́n, sìmẹ́ńtì ni ó fi rẹ́ ẹ. Bí a bá fẹ́ gbé àwòrán bàbá àgbà kọ́, ìṣó kan ti tó. Bí ó bá jẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ni, káfíńtà yóò fi dírìlì dá ihò, yóò ki fíṣà bọ inú ihò náà, yóò sì fi síkúrúù dè é pinpin. Ògiri náà le, ó sì nípọn. Ibi yòówù tí a bá dá ihò sí, yóò gba fíṣà mú. Ìdí nìyí tí kì í fi í sí ẹni tí ń béèrè ohun tí ó wà nínú ògiri.

Ní Ìlú Ọba, ìbéèrè yẹn ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe ní London, kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ìdáná ni ó sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí à ń gbé fún mi. Àwọn tọkọtaya tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ni ó máa ń pè mí jù, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í yàtọ̀ sí ara wọn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo kọ́bọ́ọ̀dù yìí, ó ń kúrò lára ògiri." Bí mo bá dé ibẹ̀, ògiri ni mo máa ń kọ́kọ́ fi ìka kàn kí n tó fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ó bá dún bí ìlù, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ kí a wo inú ògiri náà pọ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí ó lè gbé ẹrù nínú rẹ̀, ohun tí kò lè gbé e, àti bí ẹ ṣe lè gbé kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kọ́ ọ kí ọkàn yín sì balẹ̀.

Kí ni ó wà nínú ògiri náà?

Pátákó pílásítà ni. Plasterboard ni àwọn ará Ìlú Ọba ń pè é, drywall ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Òkúta kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ jípísọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń fi iná yan, tí wọ́n ń pò mọ́ omi, tí wọ́n sì ń tẹ́ sí àárín bébà líle méjì títí yóò fi gan. Òkúta yìí kò ṣàjèjì sí wa. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe pí-ó-pí tí a fi ń ṣe àjà ilé lọ́ṣọ̀ọ́ nílé, òun náà ni ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì tí olùkọ́ fi ń kọ̀wé. Ẹni tí ó bá ti fi èékánná ha ṣọ́ọ̀kì rí ti mọ bí ó ṣe rọ̀ tó.

Augustine Sackett, ará Amẹ́ríkà, ni ó gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ lórí irú pátákó báyìí ní ọdún 1894. Kí pátákó yìí tó gbòde, igi pẹlẹbẹ tínínrín ni wọ́n máa ń tò sára òpó, tí wọ́n ń rẹ́ pílásítà lé lórí. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní ayé Ọbabìnrin Victoria. Pátákó mú kí iṣẹ́ ilé kíkọ́ yá kánkán. Ó tún ní ìwúlò mìíràn: omi wà nínú jípísọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, bí iná bá sì ràn mọ́ ọn, omi náà ni yóò kọ́kọ́ gbẹ kí ooru tó kọjá sí yàrá kejì. Nítorí náà, pátákó yìí kì í ṣe ayédèrú ògiri. Kìkì pé a kò dá a láti gbé ẹrù ni.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní Ìlú Ọba nípọn ní mìlímítà 12.5, èyí tí kò ju fífẹ̀ ìka ọmọńdinrín lọ. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1200, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 2400. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn òpó wà, tí wọ́n dúró láti ilẹ̀ dé àjà. Láti àárín òpó kan dé àárín èkejì máa ń jẹ́ mìlímítà 400 tàbí 600. Ní Amẹ́ríkà, íǹṣì 16 tàbí 24 ni. Ohun tí ó wà láàárín òpó méjì kò ju afẹ́fẹ́ lọ, tàbí òwú tí a fi ń dí ariwo àti òtútù. Òpó ni egungun, pátákó ni awọ. Kò sí ẹni tí í so ẹrù kọ́ awọ.

Ìwọ̀n ẹrù, àti ibi tí ó ń fà sí

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ó wọ́pọ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 800, gíga rẹ̀ jẹ́ 720, ó sì yọ síwájú láti ara ògiri ní 300. Bí ó bá jẹ́ pátákó tí a fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀, tí ó nípọn ní mìlímítà 18, ni wọ́n fi kàn án, òfìfo rẹ̀ nìkan yóò tó kílò 23. Ẹ wá kó ẹrù ilé Yorùbá sí i. Ìrẹsì kílò 10. Gààrí kílò 5. Epo pupa lítà 5, tí ó jẹ́ nǹkan bíi kílò 4.5. Abọ́ tánganran 24 tí a gbà níbi ìgbéyàwó, tí gbogbo rẹ̀ lè tó kílò 14. Bí a bá fi mílíìkì alágolo àti tòmátò díẹ̀ kún un, a ti dé kílò 60, ìyẹn ìwọ̀n àgbàlagbà kan tí ó jókòó sórí ògiri tọ̀sán-tòru.

Ẹrù yìí kò wulẹ̀ ń fà sísàlẹ̀ nìkan. Nítorí pé kọ́bọ́ọ̀dù yọ síwájú, orí rẹ̀ ń fẹ́ kúrò lára ògiri bí ìdí rẹ̀ ti ń tẹ ògiri mọ́lẹ̀. Ẹ gbé garawa omi mọ́ àyà, lẹ́yìn náà kí ẹ na apá yín síwájú pẹ̀lú garawa kan náà. Omi kò pọ̀ sí i, síbẹ̀ apá yóò máa ro yín. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí síkúrúù òkè nìyẹn.

A lè fi nọ́ńbà sọ ọ́. Àárín ẹrù inú kọ́bọ́ọ̀dù wa yìí wà ní nǹkan bíi mìlímítà 150 sí ògiri, síkúrúù òkè sì wà ní nǹkan bíi 650 sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí a bá fi 150 sọ 60 di púpọ̀, tí a wá fi 650 pín in, a óò rí i pé agbára tí ń fa àwọn síkúrúù òkè jáde kúrò nínú ògiri tó kílò 14, láìka kílò 60 tí ń fà wọ́n wálẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pẹpẹ lásán ni, tí ó yọ síwájú bákan náà, ṣùgbọ́n tí irin tí ó gbé e dúró kò ga ju mìlímítà 100 lọ, ìṣirò kan náà yóò fún wa ní kílò 90. Èyí ni ó fi jẹ́ pé pẹpẹ kékeré tí ó yọ síwájú púpọ̀ sábà máa ń já kí kọ́bọ́ọ̀dù gíga tó já.

Ẹ wá fi ọmọ kún un. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè wúwo tó kílò 15. Bí ó bá gun àga, tí ó di ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ṣí sílẹ̀ mú, tí ó sì rọ̀ mọ́ ọn, ó ti wà ní nǹkan bí ìdajì mítà sí ògiri. Ọmọ náà nìkan yóò fi nǹkan bíi kílò 11.5 kún agbára tí ń fa síkúrúù jáde. Èyí tí ó jẹ́ 14 tẹ́lẹ̀ ti ń lọ sí ìlọ́po méjì, ó sì dé lójijì. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé kọ́bọ́ọ̀dù kọ́ gbọ́dọ̀ ṣe é nítorí ọjọ́ yẹn.

Fíṣà wa àti ògiri wọn

Artur Fischer, ará Jámánì, ni ó ṣe fíṣà oníke ní ọdún 1958. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn káfíńtà wa ń dá láìmọ̀ nígbà tí wọ́n bá rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra "fíṣà". Ọgbọ́n inú rẹ̀ rọrùn. Bí síkúrúù bá ti ń wọ inú rẹ̀, yóò máa wú, yóò sì máa tẹ ògiri ihò náà. Bí ohun tí ó yí i ká bá le bíi búlọ́ọ̀kù, yóò há pinpin. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pátákó tí kò nípọn ju ìka lọ ni ó yí i ká, wíwú rẹ̀ yóò lọ jípísọ́ọ̀mù di ìyẹ̀fun. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó lè dà bí ẹni pé ó ti mú. Bí ẹ ti ń ṣí ìlẹ̀kùn tí ẹ sì ń tì í lójoojúmọ́, ihò náà yóò máa fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀.

Lóòótọ́, àwọn fíṣà mìíràn wà tí wọ́n ṣe nítorí pátákó. Òmíràn jẹ́ onírin tí ó máa ń ká bí agboòrùn lẹ́yìn pátákó. Òmíràn jẹ́ abìyẹ́, tí yóò pa ìyẹ́ rẹ̀ dé wọ inú ihò, tí yóò sì nà án nígbà tí ó bá kọjá sí òdìkejì. Wọ́n dára fún dígí, fún ọ̀pá kọ́tìnì àti fún pẹpẹ ìwé kékeré. Ẹ máa rí i lára páálí wọn pé wọ́n lè gbé kílò báyìí-báyìí. Ẹ rántí pé pátákó tuntun, gbígbẹ, ni wọ́n fi ń dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò. Ògiri yàrá ìdáná tí oruku omi ti ń fẹ́ lù fún ọdún mẹ́wàá kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pátákó tí ó bá rin kì í lágbára mọ́. Ní tèmi, n kì í gbà ju ìdámẹ́rin iye tí wọ́n kọ lọ, n kì í sì í fi irú fíṣà bẹ́ẹ̀ nìkan gbé kọ́bọ́ọ̀dù tí ènìyàn yóò kó abọ́ sí. Òpó ni mo máa ń wá.

Kí dírìlì tó dún

Ohun mẹ́rin ni mo máa ń rí sí kí n tó dá ihò kankan.

Wáyà iná ni àkọ́kọ́. Ní Ìlú Ọba, wáyà tí ó wà nínú ògiri gbọ́dọ̀ gòkè, kí ó sọ̀ kalẹ̀, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ tààrà láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí súwíìṣì. Ó sì tún lè gba mìlímítà 150 tí ó sún mọ́ àjà, tàbí 150 tí ó sún mọ́ igun tí ògiri méjì ti pàdé. Nítorí náà, bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà lábẹ́ ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù yóò wà, ẹ gbà pé wáyà wà ní òkè rẹ̀ títí a ó fi rí i pé kò sí níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ tí ń wá wáyà àti irin wò ó, kí ẹ sì pa iná yàrá náà láti inú àpótí fíúùsì. Ilé àtijọ́ kì í fi gbogbo ìgbà tẹ̀lé òfin, nítorí náà ẹ má ṣe fọkàn tán ojú nìkan.

Páìpù ni èkejì. Ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ amúlégbóná àti ẹ̀rọ ìdáná onígáàsì wà, kí ẹ sì ronú ọ̀nà tí páìpù wọn gbà.

Ẹ̀kẹta ni àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì, tí àwa náà mọ̀ dáadáa nítorí àjà àti òrùlé ilé wa. Ọdún 1999 ni Ìlú Ọba tó fòfin de gbogbo rẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá ti kọ́ ilé yín ṣáájú ọdún 2000, ó lè wà nínú pátákó tàbí nínú ọ̀dà onígbáríwo tí wọ́n fi kun ògiri àti àjà. Eruku rẹ̀ ni ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ẹ bá ń fura, ẹ má ṣe dá ihò. Ẹ pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀kẹrin ni onílé. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ gba àṣẹ rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán ògiri náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Owó ìdúró tí ẹ fi sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá ihò mẹ́rin lọ.

Iṣẹ́ kan ní Peckham

Ìyá ọmọ kan ní Peckham pè mí nítorí kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ó tóbi bí èyí tí a ṣírò lókè yìí gan-an. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, orí kọ́bọ́ọ̀dù náà ti fi ògiri sílẹ̀ débi pé ìka mi wọ àárín wọn. Àga ìjẹun ọmọ wọn wà lábẹ́ rẹ̀. Àga yẹn ni mo kọ́kọ́ gbé kúrò.

Ọkọ rẹ̀ ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò kàn ní fi síkúrúù tó gùn ju èyí lọ rọ̀ ọ́ ni?"

Mo ní: "Síkúrúù kì í jẹ afẹ́fẹ́, àbúrò. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó wà lẹ́yìn ná."

Ìyàwó wá sọ ohun kan tí ó yé mi ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí òun ti ń nu ìyẹ̀fun funfun kúrò lórí tábìlì ìdáná, tí òun sì rò pé fulawa ni ó ń jò. Jípísọ́ọ̀mù ni. Ògiri ti ń lọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kìlọ̀ fún wọn láràárọ̀.

A kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀. A fi igi gbé ìdí rẹ̀ ró, èmi àti ọkọ sì jọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Fíṣà oníke mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ ọ, ihò méjì tí ó wà lókè sì ti fẹ̀ bí ojú ẹyin.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo gbà wá òpó, kí ọ̀kan lè jẹ́rìí èkejì. Mo kọ́kọ́ fi ìka kan ògiri láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, mo ń tẹ́tí sí ibi tí dídún rẹ̀ ti yí padà láti gbùm sí pọ́. Lẹ́yìn náà mo mú òòfà kékeré, mo ń fà á lọ lójú ògiri. Síkúrúù ni wọ́n fi de pátákó mọ́ òpó, òòfà á sì lẹ̀ mọ́ ibi tí orí síkúrúù wà. Bí ẹ bá rí mẹ́ta tí wọ́n wà ní òkè ara wọn, ẹ ti rí ojú òpó. Níkẹyìn, mo fi abẹ́rẹ́ dírìlì tínínrín dán ibẹ̀ wò, ní ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù yóò bò. Bí lẹ́búlẹ́bú igi bá tẹ̀lé eruku funfun jáde, òpó igi ni. Bí dírìlì bá ṣubú sínú òfìfo, ẹ ti tàsé.

Àárín òpó kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 600. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó bọ́ sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà, ní ìtòsí àárín. Kò sí èyí tí ó wà ní igun méjèèjì tí ó yẹ kí síkúrúù wà. Ẹ̀rọ wáyà sì fi hàn pé wáyà kan gòkè láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́tùlù, ó sì fi ìwọ̀n ìka méjì péré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ihò àtijọ́.

Nígbà tí òpó kò sí ibi tí a ti nílò rẹ̀, ẹ fún ògiri ní egungun mìíràn. Lẹ́yìn tí a ti pa iná, mo fi ayùn ọwọ́ gé pátákó náà jẹ́jẹ́ ní ìlà kan tí ó kọjá lórí òpó mẹ́ta, ní ìwọ̀n gíga ibi tí síkúrúù òkè yóò wà. Mo gé igi méjì tí ó jẹ́ mìlímítà 38 ní 89, mo fi wọ́n há àárín àwọn òpó, apá tí ó fẹ̀ kọjú sí wa, mo sì fi síkúrúù dè wọ́n mọ́ òpó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àyè wà lẹ́yìn wọn tí wáyà gbà kọjá láìfún un. Mo dá pátákó padà, mo dí ojú rẹ̀, a sì jẹ́ kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì.

Ní ọjọ́ kejì, a de réèlì irin gígùn kan mọ́ ògiri, èyí tí ìkọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yóò rọ̀ mọ́. Réèlì dára nítorí pé ó ń pín ẹrù fún gbogbo síkúrúù tí ó dè é, kì í gbé gbogbo rẹ̀ lé igun méjì. Mo kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ dírìlì oní-mìlímítà 3 dá ihò kí igi má baà là, mo sì lo síkúrúù tí ó nípọn ní mìlímítà 5, tí ó gùn ní 50. Ìdí tí n kò fi lo èyí tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ ni pé pátákó jẹ́ 12.5, igi jẹ́ 38. Èyí tí ó bá gùn jù yóò yọ lẹ́yìn igi, yóò sì lọ bá wáyà. Ẹ má ṣe lo síkúrúù dúdú tí wọ́n fi ń de pátákó fún irú iṣẹ́ yìí. Ó le, ṣùgbọ́n ó máa ń kán bí igi ìṣáná bí ẹrù bá wọ̀ ọ́.

Mo fi sípírítì léfẹ̀ẹ̀lì wò ó pé réèlì dọ́gba. A gbé kọ́bọ́ọ̀dù kọ́, mo sì dè é mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè jọ dúró.

Kí a tó kó abọ́ padà, mo ní kí wọ́n to ìgò omi onílítà méjì 18 sínú rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 36, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹrù tí wọ́n máa ń kó sí i. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà tínínrín sára ògiri ní etí òkè kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sábẹ́ rẹ̀ di àárọ̀. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ìyàwó ya àwòrán ìlà náà ránṣẹ́ sí mi. Kò yẹ̀ kúrò ní ojú kan.

Bí òpó kò bá jẹ́ igi

Nínú ọ̀pọ̀ fúláàtì tuntun, irin tínínrín ni òpó. Òòfà yóò lẹ̀ mọ́ ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí tí ó yàtọ̀ sí ti igi tí ó ń lẹ̀ mọ́ orí síkúrúù nìkan. Irin yìí sábà máa ń nípọn ní nǹkan bí ìdajì mìlímítà, síkúrúù lásán kò sì rí ohun púpọ̀ dì mú nínú rẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a ṣí pátákó, kí a de igi tàbí páláwúùdù oní-mìlímítà 18 mọ́ àárín àwọn òpó irin náà, kí a sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù kọ́ ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ ilé tàbí tí ẹ ń tún un ṣe, ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n fi páláwúùdù sí ẹ̀yìn gbogbo ògiri tí kọ́bọ́ọ̀dù yóò wà kí wọ́n tó bò ó. Owó rẹ̀ kò tó ti àtúnṣe.

Ògiri mìíràn wà tí ó ń tan ènìyàn jẹ. Búlọ́ọ̀kù ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi àtè lẹ pátákó mọ́ ojú rẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, àlàfo mìlímítà 10 sí 25 sì wà láàárín wọn. Bí ẹ bá kàn án, yóò dún gbùm níbi kan, yóò dún pọ́ níbòmíràn láìlétò. Bí ẹ bá fi dírìlì dán an wò, eruku funfun ni yóò kọ́kọ́ jáde, òfìfo yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà dírìlì yóò kan ohun líle tí eruku rẹ̀ jẹ́ eérú tàbí pupa. Fíṣà kúkúrú yóò kàn jókòó sínú pátákó ni. Fíṣà gígùn tí ó kọjá àlàfo náà wọ inú búlọ́ọ̀kù ni ẹ nílò, pàápàá irú èyí tí ó ní ọ̀pá irin tí ó fi ara ti àlàfo, kí pátákó má baà wọlé bí ẹ ti ń rọ síkúrúù.

Lẹ́yìn tí ó bá ti gun ògiri

Ẹ máa wo etí òkè kọ́bọ́ọ̀dù yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá rí àlàfo tuntun láàárín rẹ̀ àti ògiri, bí ọ̀dà bá là, bí ìlẹ̀kùn tí ó ń padé dáadáa tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara wọn, tàbí bí ìyẹ̀fun funfun bá ń dà sórí tábìlì, ẹ kó ẹrù sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe rọ síkúrúù kan náà mọ́lẹ̀ sínú ihò kan náà.

Ẹ kó abọ́ tí ó wúwo sí pẹpẹ ìsàlẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ife àti ìgò kékeré wà lókè, kí ọwọ́ tí ó bá ń gbé abọ́ ńlá má baà ga ju orí lọ. Ẹ má ṣe gbé àga tí ọmọ lè gùn sílẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ní ti àpò ìrẹsì àti kẹ́ẹ̀gì epo, ilẹ̀ ni àyè wọn, nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ilẹ̀ kò nílò fíṣà.